Ẹni Tó Wá Wọn Ilẹ̀ Bàbá Mi

Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló ṣí géètì fún un. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ ẹnu àwọn ará àdúgbò wa. Wọ́n ti sọ pé èmi ni mo fa ọkùnrin náà wọlé, pé ojú mi ló pè é, pé ọmọbìnrin tó bá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún láìlọ́kọ lè fi ilé bàbá rẹ̀ ra ọkọ. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà lọ́jọ́ náà, mò ń kun ilẹ̀kùn, ọ̀dà sì ti dé ìgbọ̀nwọ́ mi.

Káfíńtà ni bàbá mi. Ilẹ̀kùn àti géètì onígi ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun a kàn án, èmi a kùn ún. Ìsàlẹ̀ ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù, òkè ni à ń gbé, àwa méjì péré láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Ẹ̀yìnkùlé wa ló fara kan ọgbà ìgbafẹ́ ìlú. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa àti àwọn igi ńláńlá ibẹ̀, àti àwọn ọmọ tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù sínú ọ̀dà mi bí ẹni pé wọ́n san owó fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ilé ìwé kan ti ránṣẹ́ sí bàbá mi pé irú géètì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa gan-an làwọn ń fẹ́, pé àwọn máa rán ẹnì kan wá wọ̀n ọ́n. Bàbá mi sì ti ń retí ẹni náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin gíga kan dé, àpò léjìká, téèpù lọ́wọ́. Kó tó la ẹnu, bàbá mi ti ṣí géètì gbàǹgbà.

"Ìgbà yìí lẹ tó wá," ni bàbá mi wí. "Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ibo lẹ fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé?"

"Ta ni ì bá tún ni ín? Ẹ bọ́ síbí. Ẹ fún mi lórí téèpù yẹn."

Báyìí ni bàbá mi ṣe di orí téèpù mú. Wọ́n wọn géètì. Wọ́n wọn ògiri iwájú. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ilé, ẹlòmíràn ì bá ti bi ara rẹ̀ pé kí ni ilé ìwé fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ ilé wa ṣe. Bàbá mi ò bi ara rẹ̀ ní nǹkan kan. Inú rẹ̀ ń dùn. Ọkùnrin náà á wọn nǹkan, á tún padà wọ̀n ọ́n, bàbá mi sì fẹ́ràn ẹni tó bá ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì ju ẹni tó fún un lówó lọ. Ó ń sọ fún un nípa igi tó máa ń wú lásìkò òjò, àti nípa àwọn káfíńtà ìsinsìnyí tí wọ́n ń fi ojú lásán wọn ilẹ̀kùn. Bí ọkùnrin náà bá la ẹnu, bàbá mi á ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ìgbà tí wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé ló rí mi.

"Ìyá mi," bàbá mi pè mí, bó ṣe máa ń pè mí láti kékeré, "bu omi wá fún àlejò."

Mo bu omi wá, mo fi ọwọ́ ọlọ́dà gbé e fún un. Ó wo ife, ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó sì gbàgbé láti mu ún. Èmi náà ń wò ó. Eyín rẹ̀ kan gun èkejì níwájú, ojú rẹ̀ sì tutù bíi ti ẹni tí kì í bá èèyàn du ọ̀rọ̀ sọ.

Mo ní, "Omi ni o, kì í ṣe ọ̀dà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà, ó kí bàbá mi, ó sì jáde. Kò tíì dé ìkángun òpópónà tí bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀.

"O rí ọkùnrin yẹn? Ó fara balẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti níyàwó, ó ní rárá."

"Bàbá, ẹ bi í?"

"Ṣé kí n dákẹ́ ni? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ẹ wá sọ fún mi, nínú èmi àti bàbá mi, ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?

*

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí mo fi rí i nínú ọgbà. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń lọ jókòó síbẹ̀, kí òórùn ọ̀dà lè kúrò nímú mi. Ó wà lórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi, ojú rẹ̀ kọ sí ọ̀nà tí mo máa ń gbà wọlé. Ó dìde nígbà tó rí mi.

"Mo ti rò pé ẹ ò ní wá lónìí."

"Ta ló sọ fún yín pé mo máa ń wá?"

"Mo rí yín lánàá. Ẹ̀rù ló bà mí tí mi ò kí yín."

"Ẹ̀rù kí ni? Ọ̀dà ni mò ń gbé kiri, mi ò gbé ìbọn."

Ọjọ́ yẹn la bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, "ẹ" ti di "o" láàárín wa, mo sì ti mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí òkúta ọ̀nà kí n tó gbójú sókè. Ó sọ fún mi pé yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ti tọ́ òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n òun dàgbà, ní àdúgbò tí kò ní ju ògiri àti ọ̀nà ọkọ̀ lọ, pé lọ́jọ́ ìsinmi, ìyá wọn á fẹsẹ̀ kó wọn wá sínú ọgbà yìí. Ó ní ibẹ̀ lòún ti kọ́kọ́ gun igi. Bó ṣe ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà á kàn dákẹ́ lójijì bí ẹni tó rántí gbèsè. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá ara rẹ̀ ò yá. Ó ní kò sí nǹkan.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo kun ilẹ̀kùn ilé ìdáná oníbàárà wa kan lẹ́ẹ̀mẹta, torí mi ò rántí pé mo ti kùn ún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní kí n jókòó, òun kò jókòó.

"Kì í ṣe ilé ìwé ló rán mi wá sílé yín," ló wí.

"Ilé ìwé wo?"

"Ìyẹn tí bàbá ẹ ń retí. Ìgbìmọ̀ ìlú ló rán mi. Awọnlẹ̀ ni mí. Wọ́n ń rò ó láti fẹ ọgbà yìí. Ó lè jẹ́ ọ̀wọ́ ilé yín ni wọ́n máa gbà, ó lè jẹ́ ti apá kejì ọgbà, wọ́n sì lè má fẹ̀ ẹ́ rárá. Wọn ò tíì pinnu."

Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, wọn ò kàn fẹ́ wọlé.

"O mọ èyí láti ọjọ́ tí o ti mu omi mi?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Bàbá mi bá ẹ di téèpù mú. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín."

Ká ní ọ̀dà wà lọ́wọ́ mi, orí rẹ̀ ni ǹ bá dà á sí. Mo dìde, mo ń rìn, mo ń sáré, mi ò wẹ̀yìn.

Nígbà tí mo dé ilé, àwọn èèyàn ti pé jọ. Ìgbìmọ̀ ìlú ti lẹ ìwé mọ́ ògiri gbogbo ọ̀wọ́ ilé wa: wọ́n ń rò ó láti gba ilẹ̀ náà fún ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n máa san owó gbà-máà-bínú, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó wá sọ ọ́ ní gbọ̀ngàn ìlú. Bàbá mi dúró níwájú ìwé náà. Ọkùnrin kúkúrú kan dúró tì í, téèpù lọ́wọ́. Ẹni tí ilé ìwé rán gan-an nìyẹn. Ọjọ́ yẹn ló rí àyè wá.

Bàbá mi wo ọkùnrin kúkúrú náà, ó wo ìwé, ó wo mí.

"Ìyá mi," ló wí wẹ́rẹ́, "ta wá ni mo bá di téèpù mú?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nínú ọgbà, mo sì sọ pé ó ti pẹ́ tí a ti ń pàdé níbẹ̀. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, ó jókòó sórí pákó tí kò tíì gé.

"Ọwọ́ èmi gan-an ló fi wọn ilé mi," ló wí. "Kò ní fẹ́ ọmọ mi. Bí mo bá wà láyé, kò ní fẹ́ ọmọ mi."

*

Láti ìgbà náà, ara wa ò balẹ̀ mọ́. Bàbá mi á jí, á yí gbogbo ilé ká, á fọwọ́ kan ògiri, á tún padà wọlé. Iṣẹ́ wà nílẹ̀, kò lè ṣe é parí. Bí ọkọ̀ kan bá dúró níwájú ilé, àwa méjèèjì á yọjú lójú fèrèsé kan náà. Oníbàárà á bi wá pé ìgbà wo ni géètì òun á jáde, bàbá mi á ní, "Ẹ bi ìgbìmọ̀ ìlú."

Èmi ní tèmi, ìbéèrè kan ló wà nínú mi tí kò jẹ́ kí n jókòó: ṣé èmi ló ń wá wò lórí bẹ́ńṣì yẹn ni, àbí ilẹ̀ wa? Bóyá ó nílò ojú ẹni tó wà nínú ilé. Bóyá gbogbo ohun tí mo sọ fún un nípa ilé wa ló lọ sọ fún wọn. Màá rántí eyín rẹ̀ tó gun ara wọn, inú mi á yọ́. Màá tún rántí téèpù, inú mi á le.

Àbúrò bàbá mi ló wá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Alágbàfọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sí wa, Àǹtí Alágbàfọ̀ sì ni tajá tẹran ń pè é. Kò tíì sí aṣọ tó fọ̀ rí tí kò mọ ìtàn olówó rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń kó ṣẹ́ẹ̀tì wá, kó tó mọ̀ pé èèyàn wa ni.

"Ó ránṣẹ́ sí ẹ," ni Àǹtí wí fún mi. "Ó ní òun ò lè jẹun, òun ò lè sùn. Ó ní bí òun bá gbé omi mu, ìwọ lòún ń rí nínú ife."

"Àǹtí, ṣé ohun tó sọ nìyẹn?"

"Ohun tó sọ ni 'ẹ bá mi kí i.' Ṣùgbọ́n mo rí ojú ẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n rí àbàwọ́n."

"Ẹ sọ fún un pé kó má ránṣẹ́ sí mi mọ́."

Ó lọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́ iṣẹ́ tó jẹ́ fún un: "Ó ní kí o ní sùúrù, inú ń bí i ni, ìbínú sì máa ń rọlẹ̀." Báyìí ló ṣe ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Mo ń lé ọkùnrin náà, Àǹtí ń pè é padà, kò sì sí ẹnìkan nínú àwa méjèèjì tó mọ̀.

Ó bá bàbá mi náà sọ ọ́. Mo wà lókè, mo ń gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ bi í bóyá ó níyàwó."

"Jáde nílé mi kí ìgbìmọ̀ tó gbà á."

"Màá jáde. Ẹ ṣáà dá mi lóhùn. Kí ló ṣe tí ẹ ò lè dárí jì í? Ìgbìmọ̀ ló rán an níṣẹ́."

"Kò sọ fún mi," ni bàbá mi wí. "Ojoojúmọ́ ni mo máa ń rí ara mi tí mò ń fa téèpù kiri, tí mò ń sọ̀rọ̀ igi, bí òmùgọ̀."

Àǹtí ò rí nǹkan fi kún ìyẹn.

*

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé ní gbọ̀ngàn ń sún mọ́lé, àwọn ará ọ̀wọ́ ilé wa dá owó, wọ́n gba lọ́yà. Ṣọ́ọ̀bù wa ni wọ́n ti pàdé. Onífọ́tò tí ilé rẹ̀ fara ti tiwa wà níbẹ̀, àti onídìrí tó wà ní ìkángun, àti àwọn mìíràn. Lọ́yà náà kéré, bàtà rẹ̀ ń dán, ó sì ń yẹra fún ayùn igi bí ẹni tí ń yẹra fún ejò.

"Òfin ní kí awọnlẹ̀ sọ ẹni tó jẹ́ kó tó wọ ilé onílé," ló wí. "Bí a bá lè fi hàn pé ẹ̀tàn ló fi wọlé, ìwọ̀n náà ti bàjẹ́. Wọ́n lè torí ẹ̀ fi ọ̀wọ́ ilé yìí sílẹ̀, kí wọ́n kọjú sí apá kejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn gbọ́dọ̀ lágbára. Bí arábìnrin yìí bá lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló fi tan òun, kó lè ráyè wọlé, ọ̀rọ̀ ti bùṣe."

Gbogbo wọn wò mí.

"Ó ti wọlé kó tó rí mi," ni mo wí.

"Ta ló mọ ìyẹn?"

"Èmi mọ̀ ọ́n."

Onífọ́tò pòṣé. "Ṣé ilé gbogbo wa ni o fẹ́ fi fẹ́ ọkọ ni?"

Mo retí kí bàbá mi dá a lóhùn. Ilẹ̀ ni bàbá mi ń wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mò ń po ọ̀dà, ó wá dúró lẹ́yìn mi. "Sọ ohun tí lọ́yà ní kí o sọ. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹni tó bá wù ọ́ ni kí o mú wá, mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan. Kó ṣáà má jẹ́ ẹni yẹn." Èmi àti bàbá mi ò tíì sọ̀rọ̀ báyẹn rí, mi ò sì lè wo ojú rẹ̀.

Mo tọ Àǹtí lọ. Mo ní, "Ẹ sọ fún un pé mo fẹ́ rí i." Iṣẹ́ yẹn nìkan ló jẹ́ bí mo ṣe rán an.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ la ti ríra, láàárín aṣọ ìtẹ́lé bẹ́ẹ̀dì tó sá sórí okùn. Ó ti rù. Mo ní kí n má káàánú rẹ̀.

"Èmi lò ń wá wò àbí ilẹ̀?"

"Ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wá wọ̀n, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Láti ìgbà tí mo ti rí ẹ, ilẹ̀ yẹn ò sí lọ́kàn mi mọ́. Mo ti kúrò lórí iṣẹ́ náà kí n tó sọ fún ẹ. Mo ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn síbẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ ẹni tí o jẹ́ fún bàbá mi?"

"Lẹ́nu géètì, wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo ní kí n jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn tán. Lẹ́yìn náà..." Ó mi orí. "Ojú ń tì mí."

Mo sọ ohun tí lọ́yà ń fẹ́ fún un. Ó fọwọ́ kan etí aṣọ kan tó ń jò.

"Bí o bá sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí ilé yín bọ́."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ mi á lọ. Bóyá wọn ò sì ní gbà mí síṣẹ́ awọnlẹ̀ níbòmíràn mọ́."

"Ṣé kí n sọ ọ́, tàbí kí n má sọ ọ́?"

"Mi ò lè ní kí o má gba ilé bàbá ẹ là."

Inú bí mi. Mo fẹ́ kó bẹ̀ mí. Mo fẹ́ kó ní, "Jọ̀ọ́, má ṣe mí báyìí," kí n lè rí ohun tí màá kọ̀ tàbí ohun tí màá gbà. Kò bẹ̀ mí. Mo fi í sílẹ̀ láàárín aṣọ tútù, mo ń sunkún lọ sílé, mi ò sì mọ ohun tí màá sọ nínú gbọ̀ngàn.

*

Gbọ̀ngàn ìlú kún fọ́fọ́. Fáànù ń yí lókè, ooru ò lọ. Àwọn tó ń fẹ́ kí ọgbà fẹ̀ jókòó sí apá kan, àwa jókòó sí apá kejì. Obìnrin kan dìde lọ́dọ̀ wọn, ọmọ lọ́wọ́. Ó ní ojú ọ̀nà ọkọ̀ làwọn ọmọ àdúgbò àwọn ti ń ṣeré, pé ọkọ̀ ti gbá ẹ̀gbọ́n ọmọ tó wà lọ́wọ́ òun, ẹsẹ̀ ọmọ náà ò tíì san. Mo wá ìkórìíra tí màá fi wò ó, mi ò rí.

Lọ́yà wa pe bàbá mi síwájú. Aṣọ tó dára jù lọ ló wọ̀. Awọnlẹ̀ náà wà lápá ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ jókòó sí, ó doríkodò.

"Bàbá," ni lọ́yà wí, "báwo ni ọkùnrin yìí ṣe wọ ilé yín?"

Bàbá mi wo awọnlẹ̀ náà.

"Ṣé kì í ṣe ọmọbìnrin yín ló mọ̀, tó sì gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọlé?"

Bàbá mi yíjú, ó wò mí. Gbogbo gbọ̀ngàn tẹ̀lé ojú rẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn mi ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Òun nìyẹn."

"Èmi ni mo ṣí géètì," ni bàbá mi wí.

Lọ́yà nu ojú rẹ̀. "Bàbá, ẹ fara balẹ̀ rántí dáadáa."

"Mo rántí. Mo rò pé ilé ìwé ló rán an, mi ò sì bi í. Èmi ni mo ní kó wọlé, èmi ni mo di orí téèpù mú. Ọmọ mi ò mọ̀ ọ́n rí. Èmi ni mo pe ọmọ mi pé kó bu omi wá."

Àwọn ará ọ̀wọ́ ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Onífọ́tò dìde, ó tún jókòó. Bàbá mi yíjú sí wọn.

"Mo fẹ́ ilé mi," ló wí. "Kò sí ẹni tó fẹ́ ilé ẹ̀ tó mi nínú yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi orúkọ ọmọ mi gbà á padà."

Ó padà wá jókòó tì mí. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀, mo sì dì í mú.

Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, lójú gbogbo èèyàn. Onílé ti sọ pé òun lòún ṣí géètì. Alága ìgbìmọ̀ kàn ní kí awọnlẹ̀ dìde fún àṣà lásán ni, kí wọ́n lè bọ́ sórí nǹkan mìíràn.

"Awọnlẹ̀, ṣé o sọ ẹni tí o jẹ́ fún wọn kí o tó wọn ilẹ̀?"

Ìdáhùn kan ṣoṣo ló kù kó fi gba ara rẹ̀ là: pé òun sọ ọ́, bàbá mi ni kò gbọ́. Kò sí ẹni tó lè já a nírọ́ mọ́.

"Mi ò sọ ọ́, sà," ló wí.

Alága gbé ojú sókè. "Kí ló dé?"

"Lẹ́nu géètì, bàbá ò fún mi láyè. Mi ò fi ìyẹn ṣe àwáwí, mo lè dúró kí n tó wọlé. Nígbà tí a dé ẹ̀yìnkùlé, mo ti pinnu pé màá sọ ọ́. Ìgbà náà ni ọmọ wọn gbé omi wá." Ó wo ibi tí mo jókòó sí. "Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ẹni tí mo jẹ́, wọ́n á lé mi, mi ò sì ní rí i mọ́. Ni mo bá panu mọ́."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, àtàwa àtàwọn. Obìnrin tó gbé ọmọ lọ́wọ́ pàápàá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí i pé alága kò rẹ́rìn-ín, wọ́n dákẹ́.

"O mọ ohun tí o ń sọ yìí? Ìwọ̀n yẹn ò wúlò mọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ náà ńkọ́?"

"Mo mọ̀, sà."

"Tí o mọ̀ tí o sì sọ ọ́?"

"Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, sà."

Wọ́n sún ọ̀rọ̀ síwájú. Wọ́n ní wọ́n máa wọn apá méjèèjì lákọ̀tun, kí onílé kọ̀ọ̀kan sì mọ̀ ṣáájú. Kí á tó jáde nínú gbọ̀ngàn, ọ̀gá rẹ̀ ti gba káàdì iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i. Mo fẹ́ lọ bá a, bàbá mi sì ti ń lọ sílé, mo tẹ̀lé bàbá mi.

*

Nígbà tí a délé, bàbá mi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú aṣọ rere rẹ̀, nínú èérún igi.

"Gbogbo èèyàn ti sọ̀rọ̀ lónìí," ló wí. "Ìwọ nìkan lo ò tíì sọ nǹkan kan."

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, Bàbá. Òun ni mo fẹ́ fẹ́."

"Kò níṣẹ́ mọ́."

"Mo mọ̀."

"Ó purọ́ fún mi."

"Ó dákẹ́ ni."

"Ṣé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀?"

Mo rò ó. "Kò pọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, àkọ́kọ́ láti oṣù yẹn wá. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà, ó sì sọ ohun tí mi ò rò pé màá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láé.

"Mo ti dárí ti téèpù jì í tipẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí wọ́n bá gba ilé, bí ìwọ náà bá lọ, ibo ni mo máa jí sí? Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó má fẹ́ ọ. Mo ní bí ọ̀kan bá máa lọ, kí èkejì kù."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. "Ibi tí mo bá jí sí lẹ máa jí sí," ni mo wí. "Ẹni tí kò bá gba ìyẹn kò lè fẹ́ mi, ì báà ṣe òun."

Ó fọwọ́ lé mi lórí.

"Sọ fún àǹtí ẹ kó ní kó wá lọ́la. Kó má sì fi nǹkan kan kún un."

Ìgbìmọ̀ ìlú ò tíì pinnu títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Bí ọkọ̀ bá dúró níwájú ilé, a ṣì máa ń yọjú. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn, bàbá mi ṣí géètì sílẹ̀ gbàǹgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fá igi. Mo wà lókè lójú fèrèsé, mi ò lè jókòó, mi ò lè dìde.

Ó dé. Géètì wà ní ṣíṣí, kò wọlé. Ó dúró síta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ẹnu ọ̀nà wa.

"Ẹ káàárọ̀ sà."

"Ta nìyẹn?" ni bàbá mi wí, kò gbójú sókè.

"Èmi awọnlẹ̀ ni, sà. Ìgbìmọ̀ ìlú ni mò ń bá ṣiṣẹ́ títí di àná. Mi ò níṣẹ́ lónìí. Ọmọ yín ni mo wá fẹ́."

"Kí lo ní o wá ṣe?"

"Ọmọ yín ni mo wá fẹ́, sà," ló tún wí, ohùn rẹ̀ gbé sókè díẹ̀. Onífọ́tò ṣí fèrèsé rẹ̀.

"Mi ò gbọ́."

Etí bàbá mi ò di rí láyé. Ó máa ń gbọ́ ìró kòkòrò nínú igi. Ọkùnrin náà wo òkè, ó rí mi, ó fa èémí sínú, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ sọ ọ́, tí onídìrí fi jáde síta láti ìkángun, tí àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ọgbà dúró.

"Mo ní ọmọ yín ni mo wá fẹ́, sà."

Bàbá mi gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Ó wo fèrèsé onífọ́tò, ó wo onídìrí, ó wo òpópónà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó lè dá a lójú pé kò sí ẹni tí kò gbọ́.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Wọlé."